Iná Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Dá Sínú Àgbá

Ẹ jókòó, gbogbo ẹ̀yin tá a jọ ṣiṣẹ́ ní yàrá wáìnì abẹ́ ilẹ̀, kí ẹ sì yéé yin imú mi. Láti ìgbà tí ẹ ti dé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn yìí lẹ ti ń sọ pé irú imú bẹ́ẹ̀ ò ní wáyé mọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ń bí mi nínú. Dókítà ti ní kí n palẹ̀ ẹrù mi mọ́, mi ò sì lè gbé irọ́ yìí wọ inú ilẹ̀. Imú tí ẹ ń yìn yẹn ti kú tipẹ́ kí èmi fúnra mi tó máa kú lọ.

Ẹ mọ bí iṣẹ́ wa ṣe rí. Ṣadonẹ́, wáìnì funfun tí à ń ṣe, kì í pariwo lẹ́nu. Bó bá ti inú táǹkì irin jáde, bí ápù tútù ló ń ṣe. Àgbá igi óákù ló ń sọ ọ́ di àgbà. Ẹni tó kan àgbá á dá iná sínú rẹ̀ kí ikùn igi náà lè yan díẹ̀, ibẹ̀ ni òórùn fànílà àti ti búrẹ́dì yíyan ti ń wọ inú wáìnì. A ó máa ro gẹ̀dẹ̀gẹ̀dẹ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, atẹ́gùn á máa gba ara igi wọlé díẹ̀díẹ̀, wáìnì á sì rọ̀. Ṣùgbọ́n àgbá tuntun ò mọ̀wọ̀n ara rẹ̀. Bí wáìnì bá pẹ́ jù nínú rẹ̀, igi á gbé èso mì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbà mí síṣẹ́, kí n máa tọ́ ọ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí n sì sọ ọjọ́ tí yóò jáde.

Ọmọ ìyá mi ló ń kan àwọn àgbá náà. Imú Ajá lẹ̀ ń pe èmi, Abánáṣeré lẹ̀ ń pe òun. Ẹ̀gbọ́n mi kì í fẹnu kan ọtí. Ohun tí mo bá sọ nípa iná rẹ̀ nìkan ló mọ̀.

Ọdún tí ọ̀gá wa obìnrin ra àgbá tuntun lọ́wọ́ rẹ̀ fún gbogbo Ṣadonẹ́ wa, ọ̀fìnkìn mú mi. Ọ̀fìnkìn lọ, òórùn ò padà. Mo fi àlùbọ́sà símú, kò sí nǹkan kan. Mo fi kẹrosíìnì símú, àfi bí omi. Ó yẹ kí n sọ, ṣùgbọ́n ta ló ń bọ́ ajá tí kò gbóòórùn? Òpònú ni mí, mo dákẹ́. Màá fa wáìnì jáde, màá mi ife, màá dijú bí ẹni tó ń gbàdúrà, màá ní, "Kò tíì tó." Fànílà ni mò ń dúró dè, kò sì lè dé. Ẹ̀gbọ́n mi bi mí pé, "Àbúrò, àgbá tuntun mà nìyẹn o. Ṣé kò ti pẹ́ jù?" Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, iná ni tiyín, imú ni tèmi."

Ọjọ́ tí ọ̀gá tọ́ ọ wò, ó tu ú dànù. "Pákó ni mò ń mu yìí. Ta ló ṣe é?" Ẹ̀gbọ́n mi dúró níbẹ̀ tòun ti òòlù rẹ̀. Mo ní, "Iná ló pọ̀ jù, mà. Igi yẹn ti jóná kó tó dé ọ̀dọ̀ wa." Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀ fífọ́ ló ń fọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ò tiẹ̀ bá mi jiyàn. Ó ní, "Bí Imú Ajá bá ní ó jóná, ó jóná nìyẹn." Ọ̀gá lé e, kò sì sẹ́ni tó ra àgbá lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́.

Ẹ dúró, èyí tó burú jù ló kù. Ó ń dáná lọ nílé, ó ń dín in kù, ó ń wá àṣìṣe tí kò mọ ibi tó wà. Á gbé pákó wá bá mi: "Bá mi gbóòórùn èyí wò. Ṣé ó ti dáa?" Èmi ìkà, màá fi símú, màá ní, "Ó kù díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n." Bẹ́ẹ̀ là ń bá a lọ títí ó fi gbé òòlù sílẹ̀.

Lánàá mo ránṣẹ́ pè é, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Èébú ni mò ń retí. Ó kàn bi mí pé, "Iná mi dára nígbà náà?" Èmi ni mo jẹ́ kí wáìnì pẹ́ nínú àgbá, èyí dá mi lójú. Ṣùgbọ́n mi ò gbóòórùn iná náà rí. Mo ní, "Mi ò mọ̀, Ẹ̀gbọ́n." Ó mú fìlà rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ inú yín, bí imú yín bá kú, ẹ tètè sọ. Ẹ̀yin àgbà, mo mọ̀ pé ẹ máa ń jí wáìnì ọdún yẹn mu nínú àgbá kó tó bàjẹ́. Ẹ má wolẹ̀, mi ò bá yín wíjọ́. Ẹni tó bá rántí bó ṣe rí lẹ́nu nígbà yẹn, kó lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n mi bóyá iná rẹ̀ dára tàbí kò dára. Kó má purọ́ fún un nítorí mi. Mo ti purọ́ fún un tó.