Ẹyọ Kan Ni, Mo Ní Mẹ́ta Ni

Ẹ̀yin òǹkàwé, ọdún mẹ́jọ ni mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ kan sínú. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún pásítọ̀. Mò ń sọ ọ́ báyìí torí pé ọmọ tí mo ṣẹ̀ ti padà wá sílé-ẹ̀kọ́ wa, Jímọ̀ tó ń bọ̀ ló sì máa lọ.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Ìlọrin níbí, ọmọ Ọ̀mù-Àrán. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò fọ́nnu o, ṣùgbọ́n mo mọ iṣẹ́ mi. Láti Challenge dé Ìpàta, ẹ bi àwọn òbí wò.

Lọ́dún náà, ọmọ kan ṣoṣo la fẹ́ mú lọ síbi ìdíje ìṣirò ìpínlẹ̀. Mo ṣe ìdánwò fún wọn. Ìbéèrè tó kẹ́yìn nìyí: x³ − 3x² + 4x − 7 = 0, gbòǹgbò mélòó ló ní? Ìyẹn ni pé, nọ́ńbà gidi mélòó la lè fi dípò x tí gbogbo rẹ̀ á fi di òdo? Mi ò ní kí wọ́n wá àwọn nọ́ńbà náà, iye wọn nìkan ni mo fẹ́.

Ohun tí mo kọ́ wọn ni pé kí wọ́n ka iye ìgbà tí àmì yí láàárín ìròpọ̀ àti ìyọkúrò. Ó yí lẹ́ẹ̀mẹta. Mẹ́ta ni ìdáhùn tèmi.

Mùhíbátù, ọmọ oníẹ̀wà kan ní Ìpàta, kọ ẹyọ kan. Mo fi bírò pupa fagi lé e. Ó wá kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi.

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, tí a bá ya gíráàfù ẹ̀, òkè ló ń lọ ṣáá, kì í yí wálẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló máa ré òdo kọjá."

"Ṣé ìwọ lo kọ́ mi ni? Ìgbéraga ló ń dà ọ́ láàmú. Lọ jókòó!"

Gbogbo kíláàsì fi í rẹ́rìn-ín. Máàkì ìbéèrè yẹn ni ọmọ mìíràn fi borí rẹ̀.

Nígbà tí mo délé, mo ya gíráàfù náà fúnra mi. Kò yí wálẹ̀ níbì kankan. Ìgbà náà ni mo rántí pé tí àmì bá yí lẹ́ẹ̀mẹta, gbòǹgbò lè jẹ́ mẹ́ta, ó sì lè jẹ́ ẹyọ kan. Èmi ni mo ṣì í.

A ò tíì fi orúkọ ránṣẹ́. Ọjọ́ méjì gbáko ṣì wà níwájú. Mo dákẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé: mo rò pé tí mo bá yí ọ̀rọ̀ mi padà lójú àwọn ọmọ, wọn ò ní kà mí sí mọ́.

Mùhíbátù ti wà nílé-ìwé gíga báyìí, ó wá kọ́ṣẹ́ olùkọ́ lọ́dọ̀ wa. Bàọ́lọ́jì ló ń kọ́ àwọn ọmọ. Mo bi í pé ìṣirò ńkọ́? Ó rẹ́rìn-ín.

"Èmi kẹ̀, mà? Ẹ̀yin náà lẹ là mí lójú. Mo jọ ara mi lójú jù nígbà yẹn."

Lọ́jọ́ Túsìdeè, ọmọ kan gbé irú ìbéèrè yẹn wá bá a ní kíláàsì. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọn ò rí mi. Ó ṣàlàyé rẹ̀ sójú pátákó, ó gún régé, ó dára ju tèmi lọ. Lójijì ló nù ún kúrò.

"Ẹ má kọ ọ́ sílẹ̀ o. Ẹ jẹ́ kí Mà wò ó ná. Mo máa ń ṣi irú ẹ̀."

Omijé bọ́ lójú mi.

Mi ò bi yín bóyá kí n sọ fún un. Màá sọ. Ìwé ìdánwò rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi. Màá mú un lọ sí kíláàsì, màá kúnlẹ̀ lójú àwọn ọmọ, torí ojú kíláàsì ni mo ti dójú tì í. Ìyẹn ò le fún mi.

Ṣùgbọ́n tó bá bi mí pé, "Mà, láti ọjọ́ wo lẹ ti mọ̀?", ẹ jọ̀ọ́, kí ni kí n wí?