Èèrí Ọtí Tó Pa Ajá Danielle

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ife yín kalẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa mu bíà mi lónìí títí n ó fi sọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi ní Port Richmond, gbogbo yín lẹ mọ̀ mí: èmi Olúsànmí, wọ́dìn ìjọ, tó fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ bọ́ọ̀sì. Solomon tó ń gbé yàrá ìsàlẹ̀ ilé mi tẹ́lẹ̀ wà níbí. Danielle, aládùúgbò mi, jókòó ti Ìyábọ̀dé ọmọ mi, tó ń bá a tú ọ̀rọ̀ mi sí òyìnbó. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Èmi ni mo pè wọ́n.

Ẹ mọ họ́pù mi, ewé tó ń fà gun okùn láti ẹ̀bá fẹ́ǹsì títí dé òrùlé. Òdòdó rẹ̀ ló ń mú bíà korò, tó sì ń jẹ́ kó ta sánsán. Mo mọ̀ ọ́n gbìn, mo sì mọ ọtí pọn. N kò ní ṣe ojú ayé: kò sẹ́ni tó tó mi lórí bíà ní gbogbo erékùṣù Staten Island yìí!

Lọ́jọ́ náà, mo pọntí tán, mo da èèrí òdòdó tí mo sè sí ẹ̀bá fẹ́ǹsì. Nílé wa ní Ìsẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ ni ìyá ìyá mi ń ṣe. Bó bá pọn ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ tán, ẹ̀yìnkùlé ló ń da èèrí àgbàdo sí, ewúrẹ́ àti adìyẹ á jẹ ẹ́ yó, kò sì pa ìkankan rí. Mo rò pé èèrí ni gbogbo èèrí. Mílò, ajá Danielle, gba abẹ́ fẹ́ǹsì wọlé, ó jẹ púpọ̀ nínú rẹ̀. Kó tó dìrọ̀lẹ́, ara rẹ̀ gbóná bí iná, ó ń mí helehele, ó sì kú sọ́wọ́ Danielle. Obìnrin yìí ò lọ́kọ, kò bímọ. Ajá yẹn ni ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ ò gbọ́ igbe!

Mo wo fóònù mi, ibẹ̀ ni mo ti rí i pé họ́pù ń pa ajá. Mo ṣa ìyókù èèrí sínú ọ̀rá, mo kó o dà nù. Àgbàlagbà bíi tèmi!

Solomon máa ń tọ́jú àwọn arúgbó lóru, ọ̀sán ló ń sùn, ariwo Mílò kì í sì í jẹ́ kó sùn. Ó ti pariwo rí lójú fèrèsé pé, "Ajá yìí, màá fún ẹ ní májèlé jẹ!" Ẹ̀fẹ̀ ni, ṣùgbọ́n òyìnbó ló fi sọ ọ́, Danielle sì gbọ́. Ó wá kanlẹ̀kùn mi: "Ṣé Solomon ló pa á?" Mo mirí, mo ní, "Ọmọ yẹn, inú rẹ̀ le." Ẹni bá da eérú leérú ń tọ̀, èmi da tèmi, mo darí ẹ̀ sójú ọmọ ọlọ́mọ.

Èyí tó burú jù ń bọ̀. Danielle ní òun á pe ọlọ́pàá. Ẹ̀rù bà mí pé wọ́n á wá wo ẹ̀yìnkùlé mi. Mo ní kó má pè wọ́n, pé èmi fúnra mi á lé Solomon jáde. Solomon dọ̀bálẹ̀ gbalaja: "Bàbá, ẹ mọ̀ mí. Mi ò fọwọ́ kan ajá yẹn. Níbo lẹ fẹ́ kí n forí lé?" Mo ní kó máa lọ. Òjò ń rọ̀. Mo dúró lójú fèrèsé, mo ń wò ó bó ṣe ń wọ́ àpótí lọ, mo sì gbé bíà sẹ́nu. Ojú ń tì mí, ṣùgbọ́n ó dùn lẹ́nu mi.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo rí i nínú ferry, ọkọ̀ ojú omi tó ń kó èrò, ó sùn lórí ìjókòó, àpótí ẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀. Àwọn tó ń tọ́jú ọkọ̀ ní bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ nìyẹn, torí kò ríbi sùn. N kò lè jí i. Mo délé, mo sunkún.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ fetí sí mi. Ká ní mo jẹ́wọ́ lọ́jọ́ náà, Danielle ì bá bú mi, ó tán. Ẹ má ṣe bíi tèmi. Solomon, mo dọ̀bálẹ̀ fún ọ níwájú gbogbo wọn. Dárí jì mí, bí inú rẹ bá rọ̀. Bí kò bá rọ̀, n kò ní jà.

Ìyábọ̀dé, o ti dákẹ́ láti ìgbà tí mo ti dárúkọ èèrí. Mo mọ̀ pé bàbá rẹ lo fẹ́ bò. Má bò mí! Tú u fún Danielle, kó yé e yékéyéké: Solomon kò pa ajá rẹ̀. Èmi ni.