Omi Tí Mo Dà Sí Ìyá Mi Lọ́wọ́ Lẹ́nu Ọ̀nà Ọjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí lórúkọ. Ṣakí ni mò ń gbé. Mo ti lọ́kọ, mo ti bímọ, mo sì ti ń sún mọ́ àádọ́ta ọdún. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi láti ìgbà àrùn kòrónà, nígbà tí wọ́n ní kí oníkálukú máa bomú, kó sì máa fọwọ́. Mi ò sọ ọ́ fún ọkọ mi, mi ò sọ ọ́ fún ọmọ. Mo rò pé màá gbé e wọ sàréè ni. Ohun tó jẹ́ kí n sọ ọ́ báyìí ni pé ẹlòmíràn ló ń jìyà rẹ̀, iwájú mi gan-an ló sì ti ń jẹ ẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti ìyá mi. Mo ṣì kéré, eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hù padà ni, nígbà tí ìyá mi wẹ̀, tó wọṣọ, tó ní òun ń lọ sọ́jà, òun ò ní pẹ́ dé. Kò dé. Wọ́n ní ó ti bá ọkùnrin kan kọjá sí ọ̀nà Kútọnu. Bàbá mi ò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí tó fi kú. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ló tọ́ mi. Ó gbìyànjú fún mi, àmọ́ tí mo bá ti ṣẹ̀ ẹ́, ó máa ń ní, "Ìyá tó bí ẹ gan-an ò fẹ́ ẹ." Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo ń gbọ́ dàgbà.

Àjíkẹ́ ni ìyá mi máa ń pè mí. Lẹ́yìn tó lọ, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ mọ́. Orúkọ tí àlùfáà sọ mí ni wọ́n ń pè nílé kéú àti nílé ìwé. Nígbà tí mo bímọ, mo di Ìyá Sékínà, ibẹ̀ náà ló sì dúró sí.

Nígbà tí kòrónà dé, wọ́n ti ilé ìwé tí mo ti ń gbálẹ̀ pa. Wọ́n wá ń wá àwọn obìnrin tí yóò máa dúró lẹ́nu ọ̀nà ọjà, kí ẹnikẹ́ni má baà wọlé láì fọwọ́, láì bomú. Wọ́n fún wa ní kẹ́ẹ̀gì omi, ọṣẹ, àti ìbòmú aláwọ̀ búlúù tí àwọn télọ̀ fi aṣọ rán. Ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí gáréèjì ni ti ọ̀rẹ́ mi, Rísíkátù. Tèmi ni èyí tó wà lápá ọ̀dọ̀ àwọn oníṣu. Ọmọ Ìgbòho ni Rísíkátù, ọkọ ló gbé e wá sí Ṣakí, ẹ̀pà yíyan ló ń tà. Ìyá Sékínà ló mọ̀ mí sí, kò mọ orúkọ mi míràn. Àwa méjèèjì la máa ń wọ híjáàbù dúdú. Tí a bá ti bomú tán, àwọn èèyàn á máa pè mí ní Rísíkátù, wọ́n á máa pe òun ní Ìyá Sékínà. A máa ń fi rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ tí mò ń wí yìí, ara ọmọ Rísíkátù gbóná. Ó bẹ̀ mí pé kí n bá òun dúró lẹ́nu ọ̀nà gáréèjì lọ́jọ́ yẹn nìkan. Mo dúró. Oòrùn mú púpọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ìbòmú yẹn ṣe máa ń gbóná, èémí ara ẹni lèèyàn á máa fà padà. Mò ń da omi sí àwọn èèyàn lọ́wọ́, mò ń ní, "Ẹ fọṣẹ kùn ún dáadáa, ẹ fọ àárín ìka." Nígbà tó pẹ́, mi ò wojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ọwọ́ nìkan ni mò ń wò.

Obìnrin àgbàlagbà kan na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Etí gèlè rẹ̀ ló fi bo imú. Bí mo ṣe ń da omi sí i, ó ní:

"Ọmọ mi, ìwọ tó o wà lẹ́nu ọ̀nà yìí lo máa mèèyàn. Mò ń wá ọmọbìnrin kan. Àjíkẹ́ lorúkọ ẹ̀. Ọmọ Làmídì tó máa ń gbin iṣu ni. Mo dé ilé wọn, wọ́n ti wó o, wọ́n ti la ọ̀nà gba ibẹ̀. Mi ò rẹ́ni bi."

Mò ń da omi náà lọ. Mo wo ojú rẹ̀. Mi ò lè sọ pé mo dá a mọ̀. Orúkọ mi ni mo dá mọ̀ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí lẹ fẹ́ bá a ṣe, màmá?" ni mo bi í.

"Èmi ni mo bí i," ló wí. "Mo kàn fẹ́ rí i ni. Wọ́n ní àwa àgbà ni àrùn yìí ń pa."

Mo lè tú ìbòmú yẹn. Ṣebí okùn lásán ni. Àmọ́ ohun tó jáde lẹ́nu mi ni pé, "Àjíkẹ́ ọmọ Làmídì? Ó ti lọ́kọ sí Òkèhò. Ó ti pẹ́ tó ti kúrò ní Ṣakí." Mi ò rò ó tẹ́lẹ̀. Ohùn mi ò gbọ̀n. Ó ní ibo ní Òkèhò? Mo ní kó bi wọ́n lọ́jà níbẹ̀, wọ́n á júwe fún un.

Ó dúpẹ́. Ó gbàdúrà fún mi pé ọmọ tèmi ò ní sọnù mọ́ mi lọ́wọ́. Gèlè tó fi bomú ń já bọ́, ni mo bá mú ìbòmú tuntun kan nínú àwọn tí wọ́n kó fún wa, mo bá a so ó. Ọwọ́ mi kan etí rẹ̀. Ó wá rọra lọ sọ́dọ̀ àwọn ọlọ́kadà. Mo pe ẹni tó kàn.

Ẹ máa fẹ́ mọ bó ṣe rí lára mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, kò rí bákan kan. Mo lọ sílé, mo dáná, a jẹun, mo kírun. Mo rò pé inú mi á dùn pé mo ti gbẹ̀san. Inú mi ò dùn. Inú mi ò sì bà jẹ́. Ó dà bí ìgbà téèyàn bá sùn lé apá ara rẹ̀, tó fọwọ́ kan apá náà tí kò mọ̀ ọ́n lára.

Oṣù mélòó kan kọjá. Wọ́n ti gbé òfin kónílé-ó-gbélé kúrò, ọkọ̀ ti ń lọ ti ń bọ̀. Mẹkáníìkì ni ọkọ mi. Ó dé láti ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín. Oníbàárà rẹ̀ kan ló ti Òkèhò wá, tó ń sọ̀rọ̀ ìyá kan tó wà nílé ẹni tó ń to eegun níbẹ̀. Ìyá náà ní ọmọ Làmídì ará Ṣakí lòun ń wá. Mọ́tò ṣọ̀wọ́n nígbà tó ń lọ, ọ̀kadà ló gùn, ọ̀kadà sì ré sí kòtò lójú ọ̀nà. Itan rẹ̀ ló ṣẹ́.

"Ìyá Sékínà," ni ọkọ mi wí, "ìyá ẹ ò kú. Ó ń wá ẹ."

Òun ló sunkún. Èmi ò sunkún. A gbé mọ́tò, a lọ gbé e wá.

Láti ìgbà náà ni ìyá mi ti wà nílé mi. Itan yẹn ò jiná dáadáa. Igi ló fi ń rìn láti yàrá dé àgbàlá, kò lè kọjá ibẹ̀. Lọ́jọ́ tó dé, ó fẹ́ kúnlẹ̀ bẹ̀ mí, ẹsẹ̀ ò gbà fún un, ló bá ń bẹ̀ mí lórí ìjókòó. Mo ní ó ti tán. Mò ń wẹ̀ ẹ́, mò ń fọṣọ rẹ̀, mò ń bu oúnjẹ fún un. Gbogbo àdúgbò ń yìn mí pé ìyá tó kọ̀ mí sílẹ̀ ni mò ń tọ́jú. Lèmọ́mù tiẹ̀ fi mí ṣe àpẹẹrẹ nínú wáàsí. Mo jókòó lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, mo gbọ́ ọ títí ó fi parí.

Ohun kan ṣoṣo ló ń jẹ ìyá mi lọ́kàn, obìnrin tó bomú. Kì í fìbínú sọ ọ́. "Ẹnu ọ̀nà tó kọjú sí gáréèjì ló ti da omi sí mi lọ́wọ́. Ó ṣe mí dáadáa. Kí ló wá dé tó ní Òkèhò?" Ó bi mí pé ṣé èmi náà wà lọ́jà nígbà yẹn. Mo ní ọ̀dọ̀ àwọn oníṣu ni mo máa ń wà. Gbogbo ẹni tó bá wá kí i ló ń bi. Bó ṣe di ọjọ́ kan nìyẹn, tí obìnrin kan ládùúgbò wa ní, "Ẹnu ọ̀nà gáréèjì? Ṣebí Rísíkátù ló ń dúró níbẹ̀."

Ẹ̀wà ni mò ń ṣà lọ́wọ́. Mi ò gbórí sókè.

Ọ̀rọ̀ náà ti yí ọjà ká kó tó dé etí Rísíkátù. Wọ́n ní ó ṣi arúgbó lọ́nà, ó sọ ọ́ di arọ. Ọkọ rẹ̀ bá a wí níwájú ẹbí. Àwọn tó ń ra ẹ̀pà lọ́wọ́ rẹ̀ ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé àwọn ò ní bi í lọ́nà o. Ó wá sílé wa, ó gbé iṣu àti òróró dání, ó kúnlẹ̀ síwájú ìyá mi.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò rántí," ló wí. "Èèyàn pọ̀ nígbà yẹn. Àmọ́ ibi tí mo máa ń dúró ni lóòótọ́. Mi ò mọ̀ pé Ìyá Sékínà ń jẹ́ Àjíkẹ́. Àjíkẹ́ kan wà tí mo mọ̀, tó ń ta aṣọ, tó lọ́kọ sí Òkèhò. Òun ni mo máa rò pé ẹ ń béèrè. Òun náà ni. Ẹ forí jì mí, mà."

Mò ń wò ó bó ṣe ń rántí ohun tí kò ṣẹlẹ̀. Kò rántí pé ọjọ́ kan wà tí mo bá a dúró. Ìyá mi fà á dìde. Ó ní, "Mo ti mọ̀ pé o ò mọ̀ọ́mọ̀." Rísíkátù wá yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Sékínà, ìwọ náà, má bínú sí mi."

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ohun tí mo sọ. Mo ní, "Ó ti tán, Rísíkátù. Mo ti forí jì ẹ́."

Tó bá jẹ́ ti ẹnu ọ̀nà ọjà nìkan ni, bóyá mi ò ní kọ̀wé sí yín. Ìbínú wà nínú tọjọ́ yẹn, mo sì lè dì í mú. Lọ́jọ́ tí mo forí ji Rísíkátù, mi ò bínú sẹ́nikẹ́ni. Mi ò bomú. Ojú mi là sílẹ̀ kedere.

Láti ìgbà yẹn, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ lẹ́yìn ìrun ni Rísíkátù ń wá. Ó máa ń mú òrí dání, á fi pa itan ìyá mi, wọ́n á máa tàkúrọ̀sọ. Ìyá mi ti ń pè é lọ́mọ. Mo máa ń gbọ́ ẹ̀rín àwọn méjèèjì láti ilé ìdáná. Ìyá mi kì í rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi. Èmi ń wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń fọ àwo.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, Báṣírà ọmọ Rísíkátù yọ̀ ṣubú nídìí kànga, ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́. Mo lọ kí wọn. Rísíkátù fà mí sẹ́yìnkùlé.

"Ìyá Sékínà," ló wí, "kì í ṣọwọ́, ẹsẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ màmá ló ń jà lára ọmọ mi. Àbí mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni, tí mo wá ń tan ara mi? Bá mi bẹ màmá, kí wọ́n tún forí jì mí, kí wọ́n fẹnu ara wọn ṣàdúrà fún Báṣírà."

Mo délé, mo jẹ́ iṣẹ́ náà. Ìyá mi tẹ́wọ́, ó gbàdúrà, ó sì pẹ́ lórí rẹ̀. Mo ṣe àmín.

Ohun tó mú mi kọ̀wé nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò bẹ̀ yín kẹ́ ẹ dá mi láre. Tí mo bá sọ ọ́, ọkọ tó sunkún fún mi á mọ irú ẹni tó fẹ́. Ìyá mi lè ní òun fẹ́ máa lọ, kò sì níbì kan tó lè lọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ yẹn. Tí mi ò bá sọ ọ́, gbogbo aburú tó bá ṣẹlẹ̀ nílé Rísíkátù ni yóò máa fi orí ara rẹ̀ gbà. Ẹ má ní kí n gbààwẹ̀. Mo ti gbà á.

Jímọ̀ ń bọ̀. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta la máa wà ní yàrá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ti ṣe irú ẹ̀ rí, ẹ jọ̀ọ́, ta ni kí n kọ́kọ́ kọjú sí nínú àwọn méjèèjì? Kí sì lọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ téèyàn máa ń sọ?