Iná Tó Ń Jí Ara

Nínú ọkọ̀ tó ń ti Àkúrẹ́ lọ sí Oǹdó ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, láàárín ìyá kan tó ti fẹ̀yìn tì nínú iṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti bàbá àgbà kan tó jókòó tì í.

"Ọmọ mi obìnrin ń ṣèwádìí ní yunifásítì," ni ìyá náà wí. "Wọ́n á tan iná lésà sí awọ ara fún bí ìṣẹ́jú kan, kí wọ́n tó gún abẹ́rẹ́ àjẹsára síbẹ̀."

"Kò ní jóni, Màmá?"

"Kì í jóni, bàbá. Ó ń jí ara ni, kí abẹ́rẹ́ lè ṣiṣẹ́ dáadáa."

Ìyá náà tún un sọ jẹ́jẹ́: "Ó ń jí ara."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ kọ́ ọmọ yín níṣẹ́ yìí?"

"Rárá o. Mo gún ọmọ kan lábẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi ní Ìlú-Àbò nígbà kan, èéyi náà ṣì mú un. Ìyá rẹ̀ bi mí pé kí ni mo gún fún un. Nígbà tí mo ròyìn rẹ̀ nílé, ọmọ mi, tó ṣì wà ní pírámárì, ní kí ló dé tí ara ọmọ náà ò gbọ́ abẹ́rẹ́ náà. Ìbéèrè yẹn ló sọ diṣẹ́. Ohun tó pa mí lẹ́nu mọ́, ọmọ mi ló ń wá ìdáhùn sí i."

"Ìgbà wo ni iná náà máa dé Oǹdó?"

"Ó ṣì kù díẹ̀. Lára eku ni wọ́n ṣì ti ń dán an wò."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ bá mi kí ọmọ yín. Ẹ ní bàbá kan ní Oǹdó ti ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ń dúró de iná náà."