Ọ̀bẹ Sójà Tó Jẹ Owó Àgbò

Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, mo mú ọ̀bẹ wa lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ ní Mafolúkù, ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya kan tó tò síwájú mi.

Ọkọ yọ ọ̀bẹ dúdú kan tó léyín lẹ́yìn bí ayùn. "Ọ̀bẹ sójà gidi nìyí! Ó ń gé wáyà, ó ń gé igi."

"Bàbá Rófíà, ṣé wáyà la fẹ́ jẹ lọ́la ni?"

"O ò mọ ojúlówó. Bí wọ́n bá ju èèyàn sígbó tòun tọ̀bẹ yìí, kò lè kú."

"Igbó wo ló wà ní Mafolúkù? Igi kan ṣoṣo tó wà ládùúgbò wa, lánlọ́ọ̀dù ti gé e."

Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ìyàwó ò rẹ́rìn-ín ní tiẹ̀.

"Bàbá mi ń bọ̀ láti Ìsẹ́yìn wá jẹ ẹran Iléyá. Owó àgbò lẹ fi ra ọ̀bẹ. Kí lẹ wá fẹ́ fi ọ̀bẹ ọ̀hún pa?"

"Ṣebí a ti ní ọ̀bẹ báyìí. Àgbò nìkan ló kù."

Ẹ gbọ́ o: àgbò nìkan ló kù!

Ìyàwó bá kọjú sí ẹni tó ń pọ́n ọ̀bẹ. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pọ́n ọn kó mú dáadáa. Tí bàbá mi bá dé tí wọn ò rí àgbò, ẹni tó ra ọ̀bẹ ló máa dùbúlẹ̀."