Kọ́kọ́rọ́ Ilé Ìgbọ̀nsẹ̀ Àwọn Tíṣà

Rárá o, ẹ̀gbọ́n, mi ò jókòó! Bí mo bá jókòó pẹ́nrẹ́n, ẹkún ni màá bú sí. Ẹ dá máṣíìnì yẹn dúró ná. Ẹjọ́ àbúrò yín ni mo wá fi sùn. Ọ̀gá wa, ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́, baba gbogbo ẹni tí wọ́n ń rẹ́ jẹ!

Ẹ gbọ́ nípa ọjọ́ ẹ̀kọ́ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tí a ṣe, àbí ẹ ò gbọ́? Ẹ̀yin lẹ kúkú rán aṣọ tó wọ̀ lọ́jọ́ náà, ó sì yẹ ẹ́, Ọlọ́run jẹ́rìí. Èmi ni mo ṣètò ẹ̀. Èmi tíṣà ìtàn, tí mò ń ti kíláàsì kan bọ́ sí òmíràn, tí mò ń sọ fún àwọn ọmọ pé ẹni tí wọ́n bá rẹ́ jẹ, kó lanu kó sọ̀rọ̀. Èmi ọ̀dẹ̀!

Ọjọ́ pé, àwọn àlejò pàtàkì ń mu omi tútù lábẹ́ kánópì, àwọn ọmọ tí a tìtorí wọn ṣe é wà nínú oòrùn bí aṣọ tí a sá. Ẹ wá wo ohun tí wọ́n kọ sára aṣọ gbàgẹ̀rẹ̀ tó wà lókè orí àwọn àlejò náà: GBOGBO WA LA DỌ́GBA. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀gbọ́n, mi ò tíì dé ibi ẹ̀rín.

Àbúrò yín gba máìkì, ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ má bẹ̀rù, ẹ béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ mi." Ṣé èmi ni mo fi sí i lẹ́nu?

Ni ọmọ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan bá nawọ́, ọmọ ìyá tó ń gbálẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ wa. Ó kúnlẹ̀, ó kí gbogbo àgbà tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ìyá mi ló ń fọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn tíṣà láràárọ̀. Bí wọ́n bá ti fọ̀ ọ́ tán, ẹ ó gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ wọn. Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ẹ̀yìn ògiri ni ìyá mi ń lọ?"

Háà! Omi pá àlejò kan lórí.

Kí lẹ rò pé àbúrò yín ṣe? Ó rẹ́rìn-ín! Ó pàtẹ́wọ́! Ó ní ìbéèrè ọlọ́gbọ́n nìyẹn. Ọkọ̀ àlejò tó kẹ́yìn ò tíì yọ ní géètì tán tó fi ní kí ọmọ náà máa lọ sílé, kò gbọdọ̀ padà àfi bí òun àti ìyá ẹ̀ bá wá kúnlẹ̀ bẹ̀bẹ̀ níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́. Ìdánwò àṣekágbá sì ń bọ̀ lọ́jọ́ Ajé o!

Ẹ ní kí ni ẹ̀sùn ẹ̀? Ó ní kò lẹ́kọ̀ọ́. Ọmọ tó kúnlẹ̀ kó tó béèrè! Ṣé kó gbẹ́ ilẹ̀ kó wọnú ẹ̀ ni?

Mo lọ bá ìyá ẹ̀. Kò wojú mi, ó ń gbálẹ̀ lọ ni. Ó ní, "Tíṣà, ìwé ni mo ní kí ẹ kọ́ ọmọ mi, ẹnu lẹ kọ́ ọ." Ẹ̀gbọ́n, ojú tì mí, nítorí òótọ́ ni, èmi ni mo kọ́ ọ.

Igbákejì ọ̀gá ní kí n ṣe sùúrù. Sùúrù á ha bá ọmọ ṣèdánwò bí? Ìdí nìyẹn tí mo fi wá bá yín. Ẹ̀yin lẹ pọ̀n ọ́n dàgbà, kò sì sẹ́ni tí ọ̀rọ̀ ẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí láyé yìí bí kò ṣe ẹ̀yin.

Lọ́la kẹ̀? Rárá, báyìí ni! Fóònù yín nìyẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àlùmọ́gàjí. Ẹ pè é.

Ó ti gbé e? Ẹ... ẹ ní kó ṣe kí ni? Kó dọ̀bálẹ̀? Nínú ọ́fíìsì? Yéè, mo ń gbọ́ ohùn ẹ̀, ó ní àlejò wà níwájú òun! Háháhá! Kí àlejò máa wò ó! Ẹ má jẹ́ kó dìde o, ẹ̀gbọ́n mi, àfi bó bá fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ kí n gbọ́, pé ọmọ yẹn á jókòó ṣèdánwò lọ́jọ́ Ajé. Kó sì mú kọ́kọ́rọ́ lọ fún ìyá ọmọ náà fúnra ẹ̀, ọwọ́ méjèèjì ni kó fi fún un!