Ẹnu Mi Ni Ràṣídì Ń Wò

Adití ni Ràṣídì, àwa la sọ ọ́ di aláfojúdi kí a lè rí i lé lẹ́nu iṣẹ́. Ó ti pẹ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ti há mi lọ́fun. Ìyá rẹ̀ tí mo pàdé ní Dópẹ̀mú lọ́sẹ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè gbé e mì mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ilé iṣẹ́ ìhunṣọ kan ní Ìkẹjà ni mo wà, lọ́fíìsì tó ń gbani síṣẹ́, tó sì ń dáni dúró. Mo ka yunifásítì. Mo mọ òfin. Ìdí ẹ̀rọ ni Ràṣídì wà. Ariwo ẹ̀rọ ló ba etí rẹ̀ jẹ́. Èmi nìkan ló fọ̀rọ̀ náà hàn. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bò mí láṣìírí. Ẹnu èèyàn ni mo máa ń wò kí n tó dáhùn."

Nígbà tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, fún ilé iṣẹ́ lọ́rùn, wọ́n ń wá ẹni tí wọ́n máa lé. Ọ̀gá fura sí etí Ràṣídì. Àmọ́ ìjọba ológun ti ṣòfin pé a ò gbọdọ̀ torí àbùkù ara lé èèyàn. Lọ́yà wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ṣé òfin yẹn kan ẹni tí kì í kí ọ̀gá ẹ̀ ni?"

Lọ́jọ́ kejì, ọ̀gá dúró lẹ́yìn Ràṣídì, ó ń kí i léraléra: "O kú iṣẹ́ o." Kò yíjú. Ni wọ́n bá pè é síwájú ìgbìmọ̀ ìbáwí ilé iṣẹ́, wọ́n bi mí bóyá etí rẹ̀ ń gbọ́.

Mo ní ó ń gbọ́ dáadáa. Ẹnu mi ló ń wò nígbà tí mo sọ ọ́.

Wọ́n lé e lọ́jọ́ náà pé aláfojúdi ni. Ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n má lé èmi náà. Mi ò fi ṣe àwíjàre.

Ìyá rẹ̀ tí mo pàdé ní Dópẹ̀mú ò mọ̀ pé èmi ni mo jẹ́rìí. Ó ní, "Ọmọ mi ń búra pé etí òun ti di tẹ́lẹ̀. Bàbá ẹ̀ ní irọ́ ni, pé ẹnìkan jẹ́rìí lóko iṣẹ́ pé ó ń gbọ́, pé òun ò bí ọmọ tí kì í kí àgbà. Inú yẹn ni bàbá ẹ̀ bá lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ibẹ̀ ló kú sí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ṣiṣẹ́, ta lẹlẹ́rìí ọ̀hún?"

Mo wá ṣe bí adití.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ má tíì dárí jì mí. Ọ̀gá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní GRA, ṣé ẹ ò mọ̀ pé kò gbọ́ ni? Lọ́yà, ta ló san yín lówó kẹ́ ẹ fi ìkíni ba ọmọlúàbí jẹ́? Ẹ̀yin ológun, ibo lẹ kó òfin yín pamọ́ sí? Èwo nínú yín ló máa tẹ̀ lé mi dé Ògbómọ̀ṣọ́, ká lọ sọ lójú oórì bàbá yẹn pé ọmọ rẹ̀ ń kí èèyàn?